Bí Mo Ṣe Fi Kúlà àti Omi Ṣe Àpótí Ìsàba fún Ẹyin Alángbá

Ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, mo ń tu ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn, níbi tí màmá mi fẹ́ gbin ewédú sí, ni ọkọ́ bá ṣí ihò kékeré kan payá. Ẹyin mẹ́fà ló wà níbẹ̀, funfun, wọ́n gùn díẹ̀, èèpo wọn rọ̀ bí awọ, kò sì sí èyí tó tóbi ju orí àtàǹpàkò mi lọ. Kí n tó yọ fóònù láti ya fọ́tò, ọmọ aládùúgbò wa ti pariwo, "Ejò! Ẹyin ejò nìyẹn o!" Bọ̀dá kan ti sáré lọ gbé kẹrosíìnì. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣe sùúrù fún mi. Lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, lẹ́yìn òjò ńlá kan, mo ti fi ojú ara mi rí abo alángbá níbẹ̀ tó ń fi èékánná àti imú gbẹ́ ilẹ̀, tó sì wa iyẹ̀pẹ̀ padà bò ó. Ẹyin alángbá ni, kì í ṣe ti ejò.

Mo kó wọn sínú ike kan. Mo wá páálí, mo fi gílóòbù kékeré wáàtì 15 sínú rẹ̀, mo lu ihò sí i lára, mo fi tẹ̀mómítà há a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tẹ̀mómítà ka 30°C. Inú mi dùn, mo ti ń pe ara mi ní ẹnjiníà. Nígbà tí mo dé ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó ti ka 40°C. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ẹyin náà ti rún mọ́ra bí èso gbígbẹ. Mo la ọ̀kan wò. Ọlẹ̀ inú rẹ̀ ti ní ojú, àmì dúdú méjì báyìí. Kò sí ohun tó ń mí níbẹ̀ mọ́. Kẹrosíìnì ì bá pa wọ́n lójú ẹsẹ̀; èmi wá fi sáyẹ́ǹsì àgbọ́ìgbọ́tán pa wọ́n díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ṣìṣe, torí àṣìṣe yìí kún inú ọ̀pọ̀ fídíò tí ẹ óò rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gílóòbù kò mọ̀ pé 30 lẹ fẹ́. Ohun tó ń ṣe kò ju àròpọ̀ lọ: ó ń fi ooru tirẹ̀ kún ooru tó bá nílẹ̀. Páálí tèmi ń fi nǹkan bíi dígíríì 6 lé ti yàrá. Láàárọ̀, nígbà tí yàrá wà ní 24, inú páálí jẹ́ 30. Ní aago méjì ọ̀sán, lábẹ́ páànù tí oòrùn ti ń lù láti òwúrọ̀, yàrá di 34. Ẹ ṣírò ìyókù. Ẹni tó ń ṣe fídíò náà ní ìlú òyìnbó, inú ilé rẹ̀ wà lójú kan tọ̀sán-tòru, nítorí náà àròpọ̀ tirẹ̀ kì í yí padà. Tiwa ń yí padà lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́.

Àpótí ìsàba, èyí tí àwọn olóko adìyẹ ń pè ní íńkúbétọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe pé kó máa dá ooru sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí ooru ṣe ségesège.

Ẹ tún wo ohun tí ìyá alángbá ń ṣe. Adìyẹ ń sàba, ó ń fi àyà ara rẹ̀ mú ẹyin gbóná. Alángbá kì í sàba. Ara rẹ̀ gan-an kò ní ooru tirẹ̀. Oòrùn ló ń yá, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i lórí ògiri láàárọ̀ tó ń mi orí. Ó máa ń wá ilẹ̀ oníyanrìn tó tutù díẹ̀, tí oòrùn ń kàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5, á yé ẹyin bíi 5 sí 7 síbẹ̀, á bò ó, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ó parí. Ilẹ̀ ló ń ṣe ìyókù fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 10. Ilẹ̀ sì mọ iṣẹ́ náà ṣe dáadáa, torí ó wúwo, kì í tètè gbóná, kì í sì tètè tutù. Ẹ bọ́ bàtà ní ọ̀sán kí ẹ tẹ iyanrìn, á jó yín lẹ́sẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ wọlé díẹ̀, ẹ óò rí i pé ara ilẹ̀ tutù. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe àpótí fún ẹyin ẹran afàyàfà, ilẹ̀ ni kó fara wé. Adìyẹ kọ́.

Kò tán síbẹ̀. Kì í ṣe ikú àti ìyè nìkan ni ooru ń pinnu nínú ẹyin alángbá.

Ní ọdún 1966, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, Madeleine Charnier, tẹ àbájáde kékeré kan jáde ní èdè Faransé. Ó ti pa ẹyin alángbá tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Agama agama, irú èyí tó wà lára ògiri wa, ní oríṣiríṣi ìwọ̀n ooru. Àwọn tó wà ní 26 sí 27°C, abo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ jọjọ nínú wọn. Àwọn tó wà ní 29°C, akọ ni wọ́n. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: dígíríì méjì sí mẹ́ta péré. Lára ènìyàn, inú oyún ni ohun tó ń sọ ẹni di akọ tàbí abo ti wà láti ọjọ́ kìíní, nínú àbùdá tí bàbá àti ìyá fi sílẹ̀. Lára alángbá, ooru ilẹ̀ ló ń dá sí i, tó ń pinnu èwo nínú àwọn jíìnì ni yóò jí, èwo ni yóò máa sùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni máa fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn lára ẹran afàyàfà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó kíyè sí i fún ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn rí i lára ìjàpá, lára ọ̀nì, lára àwọn ìjàpá inú òkun.

Èmi ò lè gbà á gbọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Alángbá tí a ń sọ òkò lù ní kékeré! Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tó já láti orí ìrókò tó sì yin ara rẹ̀, kò sí ẹni tó sọ fún wa pé òun ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn onímọ̀ ní ẹ̀kọ́ yìí.

Ti ìjàpá òkun yàtọ̀ sí ti alángbá: ní tiwọn, ooru púpọ̀ ń mú abo wá. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí jábọ̀ pé nínú àwọn ọ̀dọ́ ìjàpá òkun tí wọ́n bí ní apá àríwá Great Barrier Reef ní Ọsirélíà, ó lé ní 99 nínú 100 tó jẹ́ abo. Iyanrìn etíkun ibẹ̀ ti gbóná jù. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó ní ọkàn rere, tó kó ẹyin mẹ́fà sínú àpótí, tó sì yí i sí 29 fún oṣù méjì. Á pa gbogbo wọn láyọ̀, á tú wọn sílẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé akọ mẹ́fà lòun kó jáde.

Oṣù keje ni mo tún rí àǹfààní. Wọ́n já yanrìn síwájú ilé kan ládùúgbò wa, àwọn bíríkìlà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í po kọnkéré. Ọ̀kan nínú wọn ló pè mí, ó ní, "Ìwọ ọmọ alángbá, wá kó ẹrù rẹ." Ẹyin mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mi ò bá kó wọn, inú kọnkéré ni wọ́n ń lọ.

Kúlà ni mo lò lọ́tẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n fi ń gbé mínírà lọ síbi àríyá, torí fóòmù tó wà lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru tètè jáde tàbí wọlé. Mo bu omi lítà 10 sí i. Mo to bíríkì méjì sínú omi náà kí orí wọn yọ síta, mo sì gbé ike tí ẹyin wà nínú rẹ̀ lé wọn lórí. Nínú omi ni mo ki hítà kékeré wáàtì 25 sí, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì. Irú hítà yìí ní tẹmósítáàtì nínú ara rẹ̀: bí omi bá ti dé ìwọ̀n tí ẹ yí i sí, á pa ara rẹ̀, bí omi bá tutù, á tan ara rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ o. Tèmi kọ 28, omi wà ní 29 àti ààbọ̀. Tẹ̀mómítà tó ní wáyà, tí ẹnu rẹ̀ wà nínú iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin, lẹ óò gbàgbọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi tún un ṣe kó tó dúró sí 28. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹyin wà nínú iyanrìn tútù ní kọ̀rọ̀ yàrá, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ní 28 ni mo fi í sí, àárín méjèèjì, torí mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá yan akọ tàbí abo fún wọn.

Omi àti iná kì í ṣọ̀rẹ́. Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi náà, ẹ yọ hítà kúrò lára iná, gbogbo ìgbà, kódà bí iná bá ti lọ, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa dé. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wo omi kó má fà ju orí hítà lọ, nítorí bí gíláàsì hítà bá gbóná níta omi, á fọ́.

Kí ló dé tí mo fi lo omi, tí mi ò fi hítà mú afẹ́fẹ́ gbóná? Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Láti mú kílò omi kan gbóná sí i ní dígíríì 1, ó gba agbára tó tó júùlù 4,200. Lítà 10 á gba 42,000. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú kúlà lítà 30, ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 36 lọ. Júùlù 36 ti tó fún tirẹ̀. Omi yẹn ń gbé ooru pamọ́ ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po tó ju 1,000. Ó dà bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ní owó ní báńkì àti ẹni tó ń jẹ́ ohun tó bá rí lójúmọ́.

Wọ́n wá mú iná lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n á mú un lọ. Bí kúlà bá ń pàdánù wáàtì 5, ìyẹn júùlù 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó máa gba ìṣẹ́jú àáyá 8,400, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 20, kí omi náà tó tutù ní dígíríì 1. Bí kò bá sí iná fún wákàtí mẹ́fà, kò lè ju dígíríì 2 àti ààbọ̀ lọ. Ní tèmi, mo wò ó lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ láti aago mẹ́wàá títí di aago márùn-ún ìdájí: láti 28 dé 26.5. Páálí onígílóòbù ì bá ti dọ́gba pẹ̀lú yàrá kí n tó wá àbẹ́là. Otútù díẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pa ọlẹ̀, ó kàn ń fa ọjọ́ rẹ̀ gùn ni. Ooru àpọ̀jù ló ń pa.

Èyí ló mú mi dé ọ̀rọ̀ ọ̀sán wa. Kò sí hítà tó lè mú nǹkan tutù. Bí yàrá bá gbóná ju 28 lọ, tẹmósítáàtì á pa hítà, iṣẹ́ tirẹ̀ parí nìyẹn. Omi náà ló tún gbà mí sílẹ̀, torí bó ṣe ń pẹ́ kó tó tutù náà ló ń pẹ́ kó tó gbóná. Ọ̀sán á ti lọ kí ooru tó wọ̀ ọ́ lára. Orí sìmẹ́ńtì nílẹ̀ yàrá ìsàlẹ̀ ni mo gbé kúlà sí, kì í ṣe orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lọ́jọ́ tí ó gbóná jù, mo yọ hítà kúrò lára iná, mo ju píọ̀ wọ́tà kan láti inú fìríìjì sínú omi náà pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀. Sẹ̀ńtílítà 50 tó tutù nini nínú lítà 10, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bíi dígíríì 1. Ọmọ ìyá mi kan sọ pé mo ń fún alángbá ní omi tútù mu. Oṣù kejì àti ìkẹta, nígbà tí oòrùn ń ta gan-an, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iyanrìn àti ọ̀rinrin kò gba àlàyé púpọ̀. Mo fọ yanrìn, mo yan án nínú ìkòkò kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, mo jẹ́ kó tutù, mo wá fi omi bíi mílílítà 80 po kílò kan. Bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, ó yẹ kó dì mọ́ra, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kán omi sílẹ̀. Èèpo ẹyin alángbá ń fa omi mu láti inú ilẹ̀, ẹyin náà á sì máa tóbi sí i. Bó bá ń rún, iyanrìn ti gbẹ nìyẹn. Mo máa ń wọn ike náà lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná ní ọjọ́ Sátidé, iye gíráàmù tó bá dín ni mo ń bù omi padà, etí ike ni mo sì ń bù ú sí, kì í ṣe orí ẹyin. Ìdérí ike ní ihò mẹ́rin, torí ọlẹ̀ ń mí. Mo fi igi kékeré gbé ẹ̀gbẹ́ kan ìdérí sókè kí omi tó bá dì mọ́ ọn lè ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́, kó má kán lé ẹyin.

Ohun tí màá tẹnu mọ́ títí ohùn mi á fi há ni èyí: ẹ má yí ẹyin náà. Olóko adìyẹ á sọ fún yín pé kí ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ẹyin adìyẹ ló ń sọ. Nínú ẹyin adìyẹ, okùn funfun méjì kan wà tó di pupa ẹyin mú láàárín. Ẹ ti rí i nígbà tí ẹ ń fọ́ ẹyin sínú àwo. Ẹyin ẹran afàyàfà kò ní i. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yé e, ọlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara èèpo lókè. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ó lè já, tàbí kí pupa ẹyin tẹ̀ ẹ́ pa. Kí n tó gbé ọ̀kankan nínú òkìtì yanrìn yẹn, mo fi pẹ́ńsù sàmì sí orí rẹ̀ ní bó ṣe wà nílẹ̀, àmì yẹn ló sì kọjú sókè títí ó fi pa. Mo rò pé mo yí àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ bí ẹni ń fọ iṣu. Bóyá wọn ì bá ti kú náà láìsí ti gílóòbù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo pa iná yàrá, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹyin láìgbé e. Márùn-ún nínú wọn pupa rẹ́súrẹ́sú, iṣan ẹ̀jẹ̀ tínínrín sì nà káàkiri nínú wọn bí gbòǹgbò. Ẹ̀kẹfà ń mọ́lẹ̀ bíi yẹ́lò lásán, nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun funfun bíi búrẹ́dì tó bu, mo yọ ọ́.

Ẹyin ọ̀nì, ti òjòlá àti ti ìjàpá, ẹ má dán an wò nílé. Òfin ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹni tó sì ń gbẹ́ wọn kúrò nílẹ̀ níbi tí ewu kankan kò sí, ìpalára ló ń ṣe. Ti alángbá pàápàá, bí kì í bá ṣe pé ọkọ́ tàbí kọnkéré ń bọ̀, ẹ wa ilẹ̀ bò ó padà. Ilẹ̀ mọ iṣẹ́ yìí ju kúlà mi lọ.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gọ́ta tí mo kó wọn ni mo rí ilà kan lára ẹyin kìíní, bíi pé abẹ ló là á. Ọmọ inú ẹyin ní eyín kékeré kan ní ẹnu imú tó fi ń la èèpo, lẹ́yìn náà eyín yẹn á já bọ́. Imú yọ. Ó dúró báyìí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò jáde, kò padà. Ó ṣe mí bíi kí n fà á, ṣùgbọ́n pupa ẹyin tó kù lára ikùn rẹ̀ ló ń fà wọlé nígbà yẹn. Ẹni tó bá fà á jáde lè ya á ní ikùn. Mo jókòó lé ọwọ́ mi. Nígbà tó fi di ọ̀la, mẹ́rin ti jáde. Ẹ̀karùn-ún jáde lọ́jọ́ kẹta, ó kéré díẹ̀ sí àwọn yòókù.

Gbogbo wọn àwọ̀ ilẹ̀, wọn ò ju ìka mi lọ pẹ̀lú ìrù. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀. Akọ tàbí abo, kò sí bí mo ṣe lè mọ̀, torí orí pupa àti ara aró tí akọ ń gbé kiri kì í yọ títí á fi dàgbà. Mo gbé ike náà lọ sẹ́yìnkùlé ní aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí oòrùn ti kan ògiri, mo sì tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewédú màmá mi. Mẹ́rin sá wọ inú koríko lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kéré jù dúró lórí bíríkì kan, ó yíjú wò mí, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ó wá tẹ̀ lé wọn.